Ta Ni Kò Tíì Sùn?

Ká sọ pé aago méjì ààbọ̀ òru ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lórí ibùsùn nínú ilé tí èèyàn márùn-ún ń sùn sí. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ti dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nínú yàrá ni ti fóònù ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá wọn wà ní yàrá kejì. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Ọmọ yìí tẹ gbólóhùn kan, ó pa á rẹ́. Ó tún un tẹ̀, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ránṣẹ́. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan. Ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́: "Ayé sú mi. Ta ni kò tíì sùn?"

Àpẹẹrẹ ni mo fi ọmọ yìí ṣe, ṣùgbọ́n kò sí òru kan tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn lọ́dún kan ju 720,000 lọ. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 15 títí dé 29, òun ló ṣe ìkẹta nínú ohun tó ń pa èèyàn jù lọ. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Iye àwọn tó ronú kàn án tí wọn kò ṣe é pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni mo kọ orí yìí fún, àti àwọn tó ń bá wọn gbélé. Ohun tí mo fẹ́ ká wádìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tó fi jẹ́ àjèjì ni ọmọ náà ké sí, nígbà tí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri?

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí à ń sọ nínú ilé bí ọmọ bá ní ayé sú òun. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Ikú á jìnnà sí ẹ, wàá dàgbà, wàá darúgbó." "Má jẹ́ kí n gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ mọ́." "Ìwọ tó o jẹun yó, kí ni kí àwọn tí ò rí jẹ ṣe?" Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, ẹ̀rù sì wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lọmọ náà rí gbà? Ó ṣe àmín, ó wọ yàrá lọ. A ti fi àdúrà dí i lẹ́nu. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà, mi ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí àdúrà bá ṣáájú etí, ó máa ń jọ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Ó ṣọ̀wọ́n kí Yorùbá là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ gbẹ̀mí ara òun. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà yọ. "Ó ti rẹ̀ mí." "Mo kàn fẹ́ sinmi ni." "Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì." "Bí mi ò bá sí ńbẹ̀, ara á tù yín." Ẹlòmíràn kò ní sọ nǹkan kan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pín aṣọ rẹ̀ fáwọn èèyàn, á san gbèsè igba náírà tẹ́nì kankan ò rántí mọ́, á pe àwọn tó ti bá jà láti ọjọ́ pípẹ́, á ní kí wọ́n má bínú. Inú ilé á dùn pé ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Òwe kan wà tó yẹ ká bá wí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fìdí rẹmi ti gbọ́ ọ. Ẹni tí owó àjọ há sí lọ́wọ́ ti gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin tí àwọn kan ń fi fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn ti gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n àwọn baba wa ni, àmọ́ mi ò lè pa á fún ẹni tí ìtìjú ti ń jẹ lọ́kàn, torí ẹ̀sín máa ń tán. Kó tó tó ọdún mẹ́ta, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín á ti gbàgbé, wọ́n á ti rí ẹlòmíràn.

Òfin náà dá kún un. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn láti 1961. Ìpínlẹ̀ Èkó tún tirẹ̀ ṣe: ilé ìwòsàn ni kí adájọ́ ní kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ. Síbẹ̀, ta ló fẹ́ la ẹnu sọ ohun tó lè gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá?

Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi tọ àjèjì lọ. Àwọn èèyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Ní 1935, wọ́n ní kí ọ̀dọ́ àlùfáà kan tó ń jẹ́ Chad Varah lọ sin òkú ní ìlú Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 15 ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan tó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó rò pé àrùn ìṣekúṣe ló kọ lu òun, ó sì gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan ì bá ti mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Varah kò gbàgbé ọmọ náà. Ní oṣù kọkànlá 1953, ó gbé tẹlifóònù kan kalẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, St Stephen Walbrook, láàárín Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí ẹni tó bá ń ronú àtikú pe òun. Àwọn kan pè, àwọn mìíràn fẹsẹ̀ rìn wá. Èrò pọ̀ débi pé ó ní láti wá àwọn tí yóò máa po tíì fún wọn, tí yóò máa bá wọn jókòó títí yóò fi kàn wọ́n. Ìgbà yẹn ló ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti mu tíì tán, tí wọ́n ti rojọ́ fún ẹni tó gbé tíì wá, ara wọn á ti fúyẹ́, wọn kì í dúró de àlùfáà mọ́. Ní 1954, ó fa iṣẹ́ náà lé àwọn apo-tíì lọ́wọ́. Samaritans ni à ń pè wọ́n títí dòní.

Ní ọdún 1954 yẹn kan náà, ní Arò ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò kọ̀ láti máa ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó sì ní kí ẹbí kan tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀. Dókítà wà, oògùn wà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojúlé èèyàn ni aláìsàn ń sùn. Ìyàlẹ́nu ló máa ń jẹ́ fún mi pé ìlú méjì tó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ rí ohun kan náà lásìkò kan náà: pé ẹni tí kò ka ìwé ìṣègùn kankan lè jẹ́ ara ìwòsàn, bó bá ti jókòó tini.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì wá fi kún un ni ẹ̀kú. Bí èèyàn bá ti wọ inú ẹ̀kú, ohùn rẹ̀ á yí padà, ohun tí kò lè fi ojú lásán sọ, á sọ ọ́. Orúkọ tí ọmọbìnrin wa ń jẹ́ lójú òpó yẹn lè jẹ́ orúkọ òdòdó kan àti nọ́ńbà mẹ́ta. Ìjọ kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Òru ni níbí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́ ní Manila, Toronto kò sì tíì lọ sùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹnìkan ní Toronto fi dáhùn: "Èmi ò tíì sùn. Mò ń gbọ́ ẹ. Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. Kò ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò ka ìbùkún rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ òní nìkan ló bi í, torí ẹni tó wà nírú ipò yẹn kò lè gbé ọ̀rọ̀ gbogbo ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ bí òní ṣe lọ.

Àwọn onímọ̀ ti gbé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Munmun De Choudhury ti Georgia Tech àti Emre Kıcıman ti Microsoft fi kọ̀ǹpútà ka èsì tí àwọn èèyàn ń fún ara wọn lójú òpó Reddit, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n fẹ́ mọ irú èsì tó jẹ́ pé, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú bá rí i gbà, kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ikú lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó yọrí jù ni ọ̀rọ̀ tó buyì kún onítọ̀hún, àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kó mọ̀ pé òun kò dá wà. Nílẹ̀ wa, Victor Ugo, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá jà nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, dá Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀ ní 2016. Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) àti WhatsApp ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń na ọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn, torí ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wọn wà lóru.

Mi ò fẹ́ fi oyin pa ọ̀rọ̀ yìí lójú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dáhùn lóru ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn rí. Ẹni tí odò mu dé orúnkún ló ń fa ẹni tí odò mu dé ọrùn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti wákàtí méjì á kàn dákẹ́. Wọn ò ní mọ̀ bóyá oorun ló gbé e lọ, tàbí bátìrì fóònù ló kú, tàbí nǹkan mìíràn. Wọ́n á jókòó síwájú ojú fóònù, wọ́n á máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ kó ti yọ. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á lọ síbi iṣẹ́, wọn ò sì ní rí ẹni tí wọ́n máa sọ fún. Mo máa ń ronú nípa wọn.

Ẹ̀kú kan náà ni ìkookò ń wọ̀.

Ní 2006, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà sọ fún Celia Blay, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní abúlé kan ní Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé òun ti bá ọ̀rẹ́ òun kan mulẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn méjèèjì máa jọ kú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rẹ́ yìí pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ìbànújẹ́ ti mu lómi. Blay bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kò fi í sílẹ̀, ọmọ náà kò sì kú. Nígbà tó wá ń béèrè káàkiri, ó rí i pé "ọ̀dọ́mọbìnrin" yìí ti bá àwọn mìíràn dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀, kò sì mú tirẹ̀ ṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó kó ẹ̀rí jọ, ó gbé e lọ bá àwọn ọlọ́pàá nítòsí rẹ̀. Wọn kò kà á sí. Obìnrin náà kò sinmi. Ní 2008, àwọn ọlọ́pàá St Paul ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà gbà á gbọ́, wọ́n tọ ipasẹ̀ náà títí tó fi já sílé ọkùnrin kan, William Melchert-Dinkel. Nọ́ọ̀sì ni lóòótọ́, ó níyàwó, ó bímọ. Ní 2011, wọ́n dá a lẹ́bi lórí ikú èèyàn méjì, ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà. Nígbà tó di 2014, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí èèyàn máa rọ ẹlòmíràn pé kó kú, òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ sì bò ó. Ìrànlọ́wọ́ tó bá ṣe nìkan ni wọ́n lè tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 178 ni wọ́n padà dá fún un.

Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 178 fún ẹ̀mí èèyàn! Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni irú ọ̀rọ̀ tó fi mú wọn. Kò bá wọn jà, kò halẹ̀ mọ́ wọn. Ó ní òun gbọ́ wọn, ó ní ọ̀rọ̀ wọn yé òun, ó ní òun ò ní dá wọn lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ni. Ó rí i pé ilé wọn kò sọ ọ́ fún wọn, ó sì fi dẹkùn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá etí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ti gbà kí wọ́n sọ bí èèyàn ṣe ń kú, tí inú wọn ń dùn bí ẹnìkan bá ní ara òun ti ń yá, ibẹ̀ ṣeé jókòó sí díẹ̀. Àwọn ibòmíràn wà tí wọ́n ń fi ẹni tó fẹ́ yè ṣẹ̀sín. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó bá sì ní kó o jáde kúrò láàárín èrò, kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, tó ń béèrè pé ọjọ́ wo, tó ń dá májẹ̀mú, tó fẹ́ wò ọ́, sá fún un bí ẹni sá fún iná.

Kí wá ni ká ṣe nínú ilé? Ká béèrè. Mo mọ ohun tó ń dí wa lọ́wọ́: ẹ̀rù àfọ̀ṣẹ. A gbà pé bí a bá fẹnu pè é, ó lè ṣẹ, pé bí a bá bi ọmọ léèrè bóyá ó ń ro ikú, àwa la máa gbé èrò náà sí i lórí. Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Columbia dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 nílé ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní New York. Wọ́n bi apá kan ní ìbéèrè ọ̀rọ̀ ikú, wọn kò bi apá kejì. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2005 ni pé ìbéèrè náà kò dá èrò ikú sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò ní in tẹ́lẹ̀, ọkàn àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú tẹ́lẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀ sí i torí pé wọ́n bi wọ́n. Nítorí náà, ẹ jókòó tì í, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ ní kedere: "Ṣé ó ti ṣe ẹ́ bíi kó o gbẹ̀mí ara ẹ?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ má ṣe fi nǹkan kan dí i.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan ní òru yẹn, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe jìnnà sí i, kí ilẹ̀ mọ́ bá yín ní ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìjì ni nǹkan yìí. Ó ń jà, ó sì ń lọ. Richard Seiden ti Yunifásítì California tọ́pasẹ̀ èèyàn 515 tí wọ́n dá dúró ní ẹnu ọ̀nà ikú láàárín 1937 àti 1971. Ní 1978 tó gbé àbájáde rẹ̀ jáde, bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣì wà láàyè, tàbí tó jẹ́ pé ikú àìsàn tàbí ogbó ni wọ́n kú. Àwọn tó sọ pé "bí wọn ò bá jẹ́ kó kú lónìí, á kú lọ́la," irọ́ ni wọ́n pa.

Ìtọ́jú kì í sì í parí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Dókítà Jerome Motto, ní San Francisco, ṣiṣẹ́ lórí àwọn tí ìrònú ikú tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ti gbé dé ilé ìwòsàn láàárín 1969 àti 1974. Nínú wọn, 843 ló ní àwọn ò ṣe ìtọ́jú mọ́. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, ó sì ń fi lẹ́tà kúkúrú ránṣẹ́ sí apá kan: pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àwọn ti rí wọn, pé àwọn nírètí pé nǹkan ń lọ dáadáa, pé bí wọ́n bá fẹ́ fèsì, inú àwọn á dùn. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà 24 láàárín ọdún márùn-ún. Àwọn tó gbẹ̀mí ara wọn nínú àwọn tó gba lẹ́tà kéré sí ti apá kejì, pàápàá ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Àwa tí a máa ń sọ pé "mo ní kí n kí ẹ ni" mọ iṣẹ́ yẹn ṣe láìkọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ lọ̀rọ̀ náà kàn, tó o sì ń ka èyí lóru, jọ̀ọ́, má dá a gbé mọ́jú. Ní Bírítéènì, 116 123 ni nọ́ńbà àwọn Samaritans, wọn kì í sùn. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni. Ní Brazil, 188 ni ti ẹgbẹ́ CVV, láti 1962 ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ SURPIN tó ń dènà ìgbẹ̀mí ara ẹni wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Arò, ó wà ní Yaba. Ṣùgbọ́n kó o tó dé ibẹ̀, ta ló wà lẹ́yìn ògiri?

Ohun tí ẹni tó wà ní Toronto padà bi ọmọbìnrin wa nìyẹn, nígbà tí aago mẹ́ta kọjá díẹ̀.

"Ta ló wà nílé pẹ̀lú ẹ?"

"Màámi. Wọ́n ti sùn."

"Ṣé o lè jí wọn? Màá dúró dè ẹ́ níbí."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó fi iná fóònù wá sálúbàtà, kò rí i, ó fẹsẹ̀ lásán rìn. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbàdúrà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ mi ná."

Ìyá rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ibùsùn, ó sì ká aṣọ ìbora sílẹ̀ fún un.